Bí a ṣe ń fi olú àgbìn àti olú igbó ṣe ara lóore

Ẹni tí ó ń gbé ní Ìkòròdú, tí ó sì fẹ́ máa fi olú tọ́jú ara, olú àgbìn ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe èyí tí òjò hù sí ẹ̀yìnkùlé. Olú oyster, tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn sínú lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀, ní purotéènì, ṣùgbọ́n ọ̀rá àti iyọ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìdí nìyí tí ó fi bá ẹlẹ́jẹ̀ ríru mu, bí a kò bá ti fi iyọ̀ ọbẹ̀ bà á jẹ́. Bí a bá ń rà á, kí a fọwọ́ kàn án: èyí tí ara rẹ̀ bá ń yọ̀, tàbí tí ó bá ń rùn, kí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe, tí mo sì rò pé ó lérè jù, ni sísá olú sóòrùn kí a tó sè é. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ ergosterol. Bí oòrùn bá pa á, ó ń di fítámì D2, èyí tí eegun nílò. Kí a fà á ya, kí a tẹ́ ẹ sórí atẹ tí ó mọ́, kí abẹ́ rẹ̀ tí ó ní ìlà wẹ́wẹ́ kọjú sókè, kí a sì gbé e sóòrùn ọ̀sán fún wákàtí kan tàbí méjì. Bí a bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ pẹ́, kí a sá a títí yóò fi gbẹ táútáú.

Ní ti olú igbó, àwọn àgbà mọ èyí tí ń hù lórí ògán nígbà òjò, dídùn rẹ̀ kò sì lẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tẹ̀ lé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó má ṣe ṣa á. Irọ́ ni pé èyí tí kòkòrò bá jẹ kò lè pa ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni sísè kì í pa gbogbo májèlé olú. Olú funfun ńlá kan ń hù lórí pápá koríko, tí ó jọ èyí tí a lè jẹ. Bí a bá gé orí rẹ̀, tí a dà á dé sórí bébà funfun di ọjọ́ kejì, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ni yóò fi sílẹ̀. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ni olú yìí ń fà. Àwọn olú tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ burú jù ú lọ, nítorí pé inú lè má run ẹni tí ó jẹ wọ́n títí wákàtí mẹ́fà yóò fi kọjá, ara sì lè dà bí ẹni pé ó ti yá kí àìsàn náà tó padà dé. Ilé ìwòsàn ni kí a sáré lọ, kì í ṣe ìdí kèrègbè epo pupa, kí a sì mú ìyókù olú náà dání.

Olú líle ti àwọn ará Ṣáínà, lingzhi, tí wọ́n ń tà ní kápúsù, kò lè rọ́pò ìtọ́jú dókítà. Ẹni tí ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kí ó má ṣe fẹnu kàn án láìsọ fún dókítà rẹ̀, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà ju bí ó ti yẹ lọ.