Lẹ́tà Ni Kẹ́ Ẹ Fi Bẹ̀rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Àgbà Átíìsì fún Ẹni Tó Fẹ́ Máa Kun Ògiri

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́kọ́lá kì í mú ìwé dání. Fóònù ni wọ́n ń mú wá, àwòrán Fẹlá tàbí ti ọmọbìnrin kan tó wé gèlè ló sì máa ń wà nínú rẹ̀. Wọ́n á ní, "Bàbá, irú èyí la fẹ́ kùn sára ògiri. Agolo sípúréè mélòó la máa rà?" Èédú ni mo máa ń fún wọn, màá ní kí wọ́n kọ orúkọ ara wọn sẹ́yìn páálí. Wọ́n á fajú ro. Kí wọ́n máa fajú ro lọ. Ẹni tí kò bá lè kọ lẹ́tà O kó dúró láìwọ́, ojú èèyàn tó bá kùn á wọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi kọ́ ni mo dá ìlànà yìí sílẹ̀. Àwọn ọmọ New York tó sọ sípúréè di iṣẹ́ ọnà, orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ kiri. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jíṣẹ́ káàkiri ìlú náà ń kọ TAKI 183 síbi gbogbo tó bá dé, 183 sì ni nọ́ńbà òpópónà tó ń gbé. Ìwé ìròyìn New York Times gbé ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 1971, bí àwọn ọmọ yòókù ṣe fà á nìyẹn. Nígbà tí yóò fi di ọdún kejì, orúkọ lásán kò tó mọ́, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. PHASE 2, ọmọ Bronx, ló gbé irú lẹ́tà kan jáde tó wú bíi puff-puff inú epo gbígbóná. Òǹkọ̀wé ni àwọn ọmọ yẹn ń pe ara wọn, àwòrán sì tẹ̀ lé e.

Lẹ́tà tó wú yẹn náà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ó rọrùn ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹ mú orúkọ tí kò gùn. Ká ní AYỌ̀ ni. Ẹ kọ ọ́ ní ìlà kan ṣoṣo láìsí ọ̀ṣọ́ kankan, egungun rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà mìíràn yí egungun náà ká, kí àyè tó wà láàárín wọn dọ́gba yíká. Ẹ wá pa egungun rẹ́. Lẹ́tà ti lẹ́ran lára nìyẹn. Ẹ ṣe é títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ tó máa ronú àwọ̀.

Àyè tó wà láàárín lẹ́tà kan sí èkejì, ojú la fi ń wọ̀n ọ́n. Ara lọ́rì ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti jẹun, rúlà kì í sì í gbé ọwọ́ rẹ̀ tó bá ti dé ibi àyè. Òkè A tín-ín-rín, ìdí Y náà tín-ín-rín, nítorí náà tẹ́ ẹ bá fi rúlà wọ̀n wọ́n, ihò ńlá á yọ láàárín wọn. Ẹ tì wọ́n mọ́ra títí apá Y á fi nà wá sókè èjìká A. Ẹ dìde, ẹ rìn jìnnà, ẹ dijú díẹ̀ wò ó. Ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù ni àyè ti pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ àmì ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú yín ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Orúkọ àwọn ọmọ New York kò ní nǹkan kan lókè, kò ní nǹkan kan nísàlẹ̀. Tiwa ní méjèèjì. Ẹni tó bá kun lẹ́tà tán kó tó rántí àmì, yóò wá fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tọ́ nǹkan kan sísàlẹ̀ Ọ bí ẹni pé eṣinṣin ló bà síbẹ̀. Láti orí ìwé ni kẹ́ ẹ ti fi ìdá kan nínú mẹ́rin gíga lẹ́tà sílẹ̀ lókè, kẹ́ ẹ sì fi díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀. Kí àmì sanra tó ẹsẹ̀ lẹ́tà fúnra rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn láti máa fi ọfà ṣe ọ̀ṣọ́ sára lẹ́tà lọ́hùn-ún. Àmì ohùn tiwa ti jẹ́ ọfà tẹ́lẹ̀, ẹ ṣáà gbé e jáde. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ́ ọ pọ̀ títí ẹni tó ń kọjá nínú Micra kò fi ní lè kà á.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ìdí ògiri. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé, kó jẹ́ èyí tó fọwọ́ sí, torí bàbá onílé lè ní kẹ́ ẹ máa ṣe é lọ, kí àwọn ọmọ rẹ̀ dé láti Èkó kí wọ́n sì ní ta ló rán yín níṣẹ́. Ẹ fọwọ́ ra ògiri náà. Tí ẹfun bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Ibi tí òjò ti sọ di àwọ̀ ewé, ẹ fi Jik pò mọ́ omi fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ wá fi rólà fa emulsion lé e lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó máa yìn yín fún èyí, ṣùgbọ́n òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀dà bó lẹ́yìn òjò ọdún kan.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀dà, ẹ ka iye lẹ́tà yín. Gbogbo wa la mọ "THIS HOUSE IS NOT FOR SALE" tó wà lára ilé káàkiri Èkó àti Ìbàdàn. Àwa átíìsì la kọ púpọ̀ nínú rẹ̀, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí i tí SALE ti há mọ́ ẹ̀gbẹ́ géètì, tí E ti tín-ín-rín bí ẹni tó gbààwẹ̀. Òsì ni ẹni yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ó wá ń sáré lọ sápá ọ̀tún. Ẹ wá lẹ́tà tó bọ́ sáàárín, ẹ fi í sáàárín ògiri, kẹ́ ẹ sì kọ lọ sí ọ̀tún àti òsì.

Láti gbé iṣẹ́ kúrò lórí ìwé sára ògiri, ìlà ẹfun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ fa ìlà ínṣì kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, kẹ́ ẹ fi okùn tí wọ́n ti fi ẹfun pa na ìlà ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan sára ògiri. Ohun tó bá wà nínú àpótí kan lórí ìwé, inú àpótí rẹ̀ náà ni kó bọ́ sí. Àwọn ọmọ òde òní ń fi fóònù gbé e, ó dáa, ṣùgbọ́n bátìrì lè kú.

Sípúréè wọ́n. Ẹ fi emulsion àti rólà kun inú lẹ́tà, kẹ́ ẹ tọ́jú agolo fún etí àti òjìji. Ẹ mì ín dáadáa, kí bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ máa dún fún ìṣẹ́jú méjì. Bí ẹ bá sún mọ́ ògiri tó ínṣì kan, ìlà á tín-ín-rín, á mú. Bí ẹ bá jìnnà tó ínṣì mẹ́jọ, á fẹ̀, á sì rọ̀. Kí ọwọ́ ti máa rìn kí ìka tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá dúró lójú kan tẹ̀ ẹ́, ọ̀dà á ṣàn. Láti èjìká ni kẹ́ ẹ ti máa ju apá. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ dojú agolo délẹ̀ kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ títí afẹ́fẹ́ nìkan á fi jáde, kí ihò rẹ̀ má bàa dí. Ẹ lo ìbomú tó ní asẹ́. Áńkáṣífù kò ní dá òórùn yẹn dúró. Àwọ̀ tó fúyẹ́ la fi ń sàmì sílẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ la kun inú, lẹ́yìn rẹ̀ òjìji, kí gbogbo òjìji kọjú sápá kan náà. Ìlà etí ló kẹ́yìn.

Ìgbà tí ọwọ́ bá ti mọ lẹ́tà ni àwòrán tó kàn. Ẹ wo Lee Quiñones, ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé New York yẹn, tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Fabulous 5 kun odindi ọkọ̀ ojú irin oníyàrá mẹ́wàá. Lọ́dún 1978 ó kun ògiri tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Manhattan. Ó ya Howard the Duck, pẹ́pẹ́yẹ inú ìwé kọ́míìkì, orúkọ rẹ̀, LEE, sì wà níbẹ̀ gàgàrà. Ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ àwọn tèmi nìyí: orúkọ yín ni kó gba ìdajì ògiri àkọ́kọ́, kí àwòrán kan ṣoṣo gba ìdajì yòókù.

Ẹni tó bá fẹ́ kí lẹ́tà dìde kúrò lára ògiri ńkọ́? Rammellzee, ọmọ Far Rockaway ní New York tó ti kọ̀wé sára ọkọ̀ ojú irin rí, gba lẹ́tà A dé Z, ó fi pàǹtírí ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ọkọ̀ ogun, ó sì gbé wọn lé orí skateboard. Nílé níbí, bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó di gbajúmọ̀, sìmẹ́ńtì náà ló sì fi bá Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria, ṣiṣẹ́ nínú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èyí tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Kìnnìún sìmẹ́ńtì ilé àwọn Àgùdà, àwọn tó padà wálé láti Brazil, ti wà ṣáájú ìyẹn pàápàá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ohun èlò olówó ńlá ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi sìmẹ́ńtì ṣe lẹ́tà tiyín, ẹ má fi Ṣ bẹ̀rẹ̀. L tàbí E ni. Ẹ kọ́kọ́ fi páálí ṣe é bó ṣe máa tóbi tó gan-an, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá wẹ́dà. Kó fi irin 10 mm ṣe ojú méjì tó bára mu, iwájú àti ẹ̀yìn, kó fi irin kéékèèké so wọ́n pọ̀, kí ẹsẹ̀ irin sì gùn kọjá ìdí lẹ́tà tó ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀. Ẹ fi àwọ̀n ilé adìẹ bò ó, kẹ́ ẹ ki ìwé àpò sìmẹ́ńtì sínú rẹ̀ kí ohun tẹ́ ẹ bá lẹ̀ má bàa jábọ́ sínú. Sìmẹ́ńtì kan sí yanrìn odò mẹ́ta, kí omi má pọ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ó ń jẹ ọwọ́. Ẹ tẹ ìpele àkọ́kọ́ wọnú àwọ̀n, ẹ fi ìṣó ha ojú rẹ̀, kẹ́ ẹ lẹ ìpele kejì lọ́jọ́ kejì. Ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ méje, kẹ́ ẹ sì máa wọ́n omi sí i. Ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ kàn án kó tó pé ọjọ́ 28, torí iyọ̀ inú sìmẹ́ńtì á tì í kúrò.

Inú ilẹ̀ tẹ́ ẹ fi kọnkéré dí ni kí ẹsẹ̀ irin yẹn wọ̀. Bó ti wù kẹ́ ẹ kọ "má fọwọ́ kàn án" sí i tó, àwọn ọmọdé máa gùn ún. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó kùn ún, kí àgbàlagbà kan tó sanra dáadáa kọ́kọ́ gùn ún wò.