Bí mo ṣe to “tèmi” nínú èdè Māori

Mo fẹ́ kọ abala kan nípa ilé wa ní èdè Māori, èdè tí wọ́n fi òfin sọ di èdè ìjọba ní New Zealand lọ́dún 1987.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí ó súnmọ́ tiwa. Kì í yí padà nítorí ẹni tó ṣe nǹkan tàbí ìgbà tó ṣe é; ọ̀rọ̀ kékeré iwájú rẹ̀ ló ń sọ ìgbà. Kei te kai au: mò ń jẹun. Kua kai au: mo ti jẹun. Mo tètè kúrò níbẹ̀.

“Tèmi” niṣẹ́ wà. Oríṣi méjì ni, ti ā àti ti ō. Mo fa ìlà sáàárín ìwé, mo ń to ọ̀rọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ohun tó wà níkàáwọ́ mi, tāku ni: tāku tamaiti, ọmọ mi, tāku kai, oúnjẹ mi, tāku mahi, iṣẹ́ mi. Ohun tó bò mí, tó ń gbé mi, tó jẹ́ ara mi, tàbí tó ti wà kí wọ́n tó bí mi, tōku ni: tōku whare, ilé mi, tōku pōtae, fìlà mi, tōku ringa, ọwọ́ mi, tōku whaea, ìyá mi. Tāku ni ajá, ṣùgbọ́n tōku ni ẹṣin, torí èèyàn ń gùn ún. Oúnjẹ bọ́ sí tāku, omi mímu bọ́ sí tōku. Ìyàwó ẹni pàápàá, tāku wahine ni, síbẹ̀ bí a bá fi ọ̀wọ̀ pè é ní hoa rangatira, ó di tōku. Mo gbádùn èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Tí nǹkan bá pọ̀, t iwájú a já: āku tamariki, àwọn ọmọ mi.

“Ilé wa” gba ìrònú. Tō tāua whare ni tèmi tìrẹ, àwa méjì. Tō māua jẹ́ tèmi àti ẹlòmíràn, ìwọ kò sí níbẹ̀. Tō tātou kó gbogbo wa pọ̀ mọ́ ìwọ. Tō mātou yọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí yóò ka ìwé mi kì í ṣe ará ilé, nítorí náà mo kọ tō mātou whare.

Ibi oúnjẹ ni ọ̀rọ̀-ìṣe àti “tèmi” ti pàdé. Nāku te kai i tunu: èmi ni mo se oúnjẹ náà. Bó bá jẹ́ pé èmi ni n ó sè é, māku te kai e tunu. Ā nìkan ni gbólóhùn yìí ń gbà, torí olùṣe ló ni iṣẹ́. Àní, te patunga a Hone ni lílù tí Hone lu ẹlòmíràn. Te patunga o Hone ni lílù tí wọ́n lu Hone.

Mo wá kọ gbólóhùn ìkẹyìn: Nā tōku whaea te kai i tunu, ìyá mi ló se oúnjẹ náà. Nā, torí òun ló sè é. Tōku, torí ó ti wà kí n tó dé.