Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá láti Awẹ́ sí Dùgbẹ̀

Ní oṣù kejì ọdún 2025 ni ọ̀gá wa pè mí pé ẹnì kan ní ẹ̀ka wa tó wà ní Dùgbẹ̀, ní Ìbàdàn, fẹ́ lọ bímọ, èmi ni wọ́n sì fẹ́ kó lọ dúró fún un. Ọ̀sẹ̀ méjìlá gbáko. Mo bi í bóyá wọ́n á fún mi lówó ilé. Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣebí Ìbàdàn níbí náà ni."

Lẹ́nu ẹni tó ń sùn ní Bódìjà, Ìbàdàn níbí náà ni lóòótọ́. Awẹ́ ni èmi ń gbé, lẹ́yìn Ọ̀yọ́. Kí n tó débi tí ará Owódé nínú Ọ̀yọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò, èmi ti rin tèmi díẹ̀. Ọmọ méjì wà lọ́wọ́ mi, ìyá ọkọ mi wà nínú ilé, nítorí náà ọ̀rọ̀ kí n lọ gba yàrá sí Ìbàdàn kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ máa lọ, kí n sì máa bọ̀.

Ọkọ̀ èrò ni mo wọ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. ₦2,000 ni mo ń ná ní àlọ, ₦2,000 ní àbọ̀, tí a bá ka Micra tó ń gbé mi láti Ọjọ́ọ̀ wọ ìgboro mọ́ ọn. Owó yẹn kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ọkọ̀ kì í gbéra àfi tó bá kún. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì ní aago márùn-ún ààbọ̀, èmi ni ẹni kẹrin. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni ẹni ìkẹyìn tó wọlé, pẹ̀lú adìyẹ méjì. Nígbà tí mo fi dé ibi iṣẹ́, aago mẹ́sàn-án ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣí aṣọ tí a fi bo Corolla bàbá àwọn ọmọ mi, èyí tó fi sílẹ̀ nígbà tó gba Àbújá lọ.

Kí n tó pinnu láti máa wà á lọ síbi iṣẹ́, mo fẹ́ mọ iye epo tó ń mu. Ọ̀nà tí mo gbà kò le: mo rọ epo kún táǹkì títí tó fi kún dé ẹnu, mo kọ nọ́ńbà tó wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀, mo fi ọjọ́ méjì wà á lọ wà á bọ̀, mo tún padà sílé epo kan náà kí wọ́n rọ ọ́ kún bíi ti àkọ́kọ́. Kìlómítà 220 ni mo ti rìn. Epo tó wọlé jẹ́ lítà 18.6. Ìyẹn ni pé lítà kan ń gbé mi rin bíi kìlómítà méjìlá dín díẹ̀, èmi sì ń jó lítà 9.3 lójúmọ́. ₦920 ni wọ́n ń ta lítà kan fún mi lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ₦8,556 lójúmọ́, fún epo nìkan. Ìlọ́po méjì owó ọkọ̀ èrò, ó tún lé. Ṣáájú oṣù karùn-ún 2023, tí epo kò tíì tó ₦200, n kì bá tí jókòó ṣírò rárá, ṣe ni mo máa kàn gbé kọ́kọ́rọ́.

Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé n kò lè dá nìkan lọ. Ṣùgbọ́n kí n tó wá ẹni tí a ó jọ máa lọ, mo gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ọkọ̀ yẹn ṣeé gbé ọmọ ọlọ́mọ sínú rẹ̀.

Bàbá fọkanáísà kan wà lẹ́bàá títì ládùúgbò wa. Mo ní kó bá mi wo táyà, pé ojú wọn ṣì dára. Òótọ́ ni, ojú wọn ṣì ga, wọn kò tíì jẹ. Bàbá kò tilẹ̀ wo ojú táyà. Ó lóṣòó, ó fi àkísà nu eruku ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tẹ ìka mọ́ ibì kan. "Ìyá mi, ẹ ka ibí yìí fún mi." Mo kà á: DOT, lẹ́tà mélòó kan tí kò yé mi, lẹ́yìn náà nọ́ńbà mẹ́rin, 1117. "Ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ọdún 2017. Ọmọ yín àgbà ńkọ́, kíláàsì mélòó ló wà?" Mo ní pírámárì mẹ́ta. "Ẹgbẹ́ ni wọ́n." Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà náà wọnú, ó sì là pẹ́rẹpẹ̀rẹ bí ẹrẹ̀ odò tó gbẹ lọ́gbẹlẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni Road Safety fún táyà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, yálà ẹ lò ó tàbí ẹ gbé e kọ́ sógiri. Èmi tí mò ń fojú inú wo bí màá ṣe ra tòkúnbọ̀, bàbá tún fa mí lọ sẹ́yìn ilé ìtajà rẹ̀, ó fi méjì hàn mí tí wọ́n ti kùn ní dúdú tó ń dán: 2018.

Táyà méjì ni ọjọ́ orí wọn ti kọjá báyìí, méjì yòókù jẹ́ ti 2022. Owó tuntun méjì ni mo sì ní. Mo ní kó fi wọ́n síwájú, nítorí ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe nìyẹn. Ó kọ̀. Ó ní ẹ̀yìn ni tuntun ń lọ: bí táyà iwájú bá bẹ́ lórí eré, stíárìn á fa ọwọ́ yín, ẹ lè dì í mú, bí tẹ̀yìn bá bẹ́, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ kọjá orí rẹ̀ lọ. N kò rí ẹni tó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí, mo sì ti ń wa ọkọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án.

Èyí tó kù kò gba àkókò. Mo pààrọ̀ wáípà, mo ra C-caution àti ohun ìpaná, mo tún ìwé ìbánigbófò ṣe (₦15,000 ni ti ọkọ̀ aládàáni, ó ti kúrò ní ₦5,000 láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023), mo sì tọ́jú nọ́ńbà Road Safety, 122, sórí fóònù.

Ó wá ku èrò. Ìyá Ìbejì tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọjọ́ọ̀ ni aládùúgbò mi, òun ni mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Òun ló mú ọmọ kan tó ń lọ sí Poly wá, tó ń gbé ní Ìlọrà, ojú ọ̀nà wa gan-an. Ẹnì kẹta ni Bọ̀dá Tíṣà, ní Owódé, tó ń kọ́ni nílé ìwé kan ní Mọ́kọ́lá. Àdéhùn wa: ₦1,000 ní àlọ, ₦1,000 ní àbọ̀ fún Ìyá Ìbejì, ₦1,300 fún àwọn méjì yòókù. ₦7,200 lójúmọ́, ó ku ₦1,356 kí n fi tèmi kún un. Mo rò pé mo ti já a.

Wàhálà àkọ́kọ́ kò pẹ́ rárá. Lọ́jọ́ kejì, níbi tí Bọ̀dá Tíṣà ti ń dúró létí títì, àwọn ọmọkùnrin méjì kan dá mi dúró, wọ́n ní mò ń fi ọkọ̀ aládàáni kó èrò, kí n mú owó wá. Ìyá Ìbejì sọ wíńdò kalẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ kú ìdájí o. Àbúrò mi ló ń wa ọkọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi ló ń wọlé yẹn. Ta lẹ pè ní èrò?" Wọ́n fi wá sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹnu ọ̀nà ilé kálukú ni mo ti ń gbé e. N kò gbé ẹnikẹ́ni létí títì mọ́.

Wàhálà kejì ló gba gbogbo ọ̀sẹ̀ mi, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí fetí sí. Tí mo bá kúrò ní Owódé ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, aago mẹ́fà ni mo máa ń wà ní Ọjọ́ọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ kọjá díẹ̀ ní Dùgbẹ̀, màá tún rí orun díẹ̀ sùn nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Tí mo bá kúrò ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọjá aago márùn-ún, mo ti wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Ọjọ́ọ̀ nìyẹn, láàárín tírélà tó ń bọ̀ láti òkè Ọya àti Micra tí kò mọ ìlà. Láti ibẹ̀ dé Agbowó, dé Sángo, ṣe ni a máa ń rá bí ìgbín. Ó di aago mẹ́jọ kù díẹ̀ kí n tó dé. Ogún ìṣẹ́jú ní Ọ̀yọ́, ó di wákàtí kan ní Ìbàdàn. Epo tí ọkọ̀ ń jó níbi ìdúró yẹn tún wà lọ́tọ̀.

Ta ló ń jẹ ogún ìṣẹ́jú yẹn? Bọ̀dá Tíṣà ni. Màá pè é láti Awẹ́, á ní, "Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà, Àǹtí," èmi á sì máa gbọ́ omi tó ń dà sí bókẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Ẹni tó ju mi lọ ni, ó tún ń kọ́ ọmọ níwèé, n kò mọ bí màá ṣe bá a wí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbé e mì. Lọ́sẹ̀ kẹta mo sọ fún gbogbo wọn, kó má baà dà bíi pé òun nìkan ni mò ń bá wí, pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ni màá máa dúró. Lọ́jọ́ kẹrin mo dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo sì tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ìyá Ìbejì kò sọ nǹkan kan títí a fi dé Ìlọrà, ó wá ní, "O gbìyànjú." Ọjọ́ méjì ni Bọ̀dá Tíṣà fi ń kí mi ní gbólóhùn kan péré. Lọ́jọ́ kẹta, òun ló dúró dè wá, ó di àpò rẹ̀ mọ́ àyà bí ọmọ tó ń lọ ṣèdánwò.

Ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ kò burú tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń pariwo, ṣùgbọ́n ìdájí ni ọ̀tá rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹfà, òjò rọ̀ mọ́jú, kùrukùru wá bo gbogbo agbègbè Ìrókò. Iná iwájú mi kò ríran ju ọ̀pá mélòó kan lọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ewé: ẹ̀ka igi tútù kan láàárín títì, òmíràn níwájú rẹ̀, òmíràn tún wà. Ọmọ Poly tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Àǹtí, ewé!" Mo ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Mo rọra tẹ bíréèkì, mo tan iná ìkìlọ̀. Níwájú níbẹ̀, tírélà kan dá dúró gbalaja, kò tan iná, awakọ̀ rẹ̀ kò ní C-caution, àdá ló fi gé ewé. Ó na tọ́ọ̀ṣì sí wa láti ẹ̀gbẹ́ igbó, ó ní, "Ẹ rọra o." N kò bá a jà. Ẹni tó rántí já ewé ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ká ní eré 100 tí wọ́n fàyè gbà wá lójú títì ńlá ni mo ń sá nínú kùrukùru yẹn, ewé ìkẹyìn ni ǹ bá rí.

Ọkọ̀ ojú irin dé Mọ́níyà ní 2021, mo máa ń rí ibùdókọ̀ náà tí iná tàn sí yàà bí a bá ń kọjá. Sí Èkó ló ń lọ. Ojú irin àtijọ́ náà, Òṣogbo ló gbà lọ sókè, kò ya Ọ̀yọ́. Bọ̀dá Tíṣà máa ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ bíi pé èmi ni mo ya ojú irin náà.

Àbọ̀ rọrùn ju àlọ lọ, àfi tó bá di Fìdítì, tí àwọn èrò mi bá ní kí n dúró ra ọsàn. Ní ọjọ́ Ẹtì, bọ́ọ̀tù mi á kún fún ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, òórùn rẹ̀ a máa wà nínú ọkọ̀ títí di ọjọ́ Ajé. Ìyá Ìbejì ló máa ń ná a fún gbogbo wa. Èmi kì í sọ̀ kalẹ̀, bí wọ́n bá ti rí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, iye rẹ̀ a gòkè.

Lápapọ̀, nínú ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá tí mo fi wa ọkọ̀, bí àádọ́ta ọjọ́ ni mo lọ, nítorí ìsinmi Ìtúnu Ààwẹ̀ àti ti Àjíǹde mú ọjọ́ mélòó kan. Táyà kan lu lẹ́ẹ̀kan, a sì pààrọ̀ òróró ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan. Tí n bá yọ owó táyà méjì yẹn kúrò, ohun tí mo ná fún ara mi kò tó ìdajì owó ọkọ̀ èrò. Tí n bá kà á mọ́ ọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Táyà náà ṣì wà nídìí ọkọ̀ ṣá.

Ìyá ọmọ tuntun padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fún mi ní mọ́ínmọ́ín àti ìwé ìdúpẹ́, mo sì padà sí ẹ̀ka wa ní Ọ̀yọ́, níbi tí aago mẹ́jọ ti ń bá mi nílé mi. Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, mo wà lórí ibùsùn, fóònù dún. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo gbé e.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà."

Omi ń dà sí bókẹ́ẹ̀tì.