Bí mo ṣe fi ekòló sọ ìgbẹ́ màlúù di ajílẹ̀ ní Bàrígà

Inú àpò ni mo gbin ewédú sí lẹ́yìn ilé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ra fatiláìsà fún un. Owó tí wọ́n pè nígbà tí mo padà lọ ju owó ewédú náà lọ.

Ìgbẹ́ màlúù kò wọ́n ní odò ẹran Oko-Ọba, l'Agége. Gbígbé e wálé ni wàhálà. Danfo méjì ló já mi sílẹ̀ nítorí òórùn, kí n tó háyà márúwá.

Mo dà á sínú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n gé sí méjì, mo sì kó ekòló lé e lórí lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn ti kú. Mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀: ó gbóná bí àmàlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná! Ìgbẹ́ tútù tí a kó jọ máa ń mú ooru jáde bó ṣe ń jẹrà, ó sì lè kọjá 50°C. Àwọn àgbà ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un. Tèmi júbà, iná ló jẹ́ ẹ.

Mo tún lọ kó òmíràn. Orí tápólì ni mo tẹ́ eléyìí sí, mo ń yí i, mo ń wọ́n omi sí i, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, títí ó fi tutù. Mo lu ihò sí ìdí dúrọ́ọ̀mù, mo tẹ́ páálí tí mo ti rẹ sómi sí ìsàlẹ̀, mo wá da ìgbẹ́ lé e. Ẹ̀bá balùwẹ̀, lábẹ́ ewé jíjẹrà, ni mo ti ṣa ekòló: àwọn aláwọ̀ élése àlùkò tó ń jẹun lókè ilẹ̀. Ogún ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò. Kí n tó ka márùn-ún, wọ́n ti wọlẹ̀ lọ.

Mo gbé dúrọ́ọ̀mù ka àga onígi, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú agolo omi, nítorí èèrà. Mo máa ń fún ẹ̀kúnwọ́ kan wò: bí omi bá kán lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, ó tó. Bó bá ń ṣàn, afẹ́fẹ́ ò ní sí nínú rẹ̀, awọ ara sì ni ekòló fi ń mí.

Àlùhájà tó ni ilé wa gbé àṣẹ́kù ọbẹ̀ wá fún wọn.

"Ẹ ṣeun mà, iyọ̀ àti ata á pa wọ́n."

"Ká wá máa se tiwọn lọ́tọ̀ ni?"

Ní oṣù kẹta, ìgbẹ́ náà ti dúdú, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, kò rùn mọ́. Mo kó o jọ bí òkìtì sínú oòrùn. Ekòló kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń sá lọ sísàlẹ̀, èmi ń ha ti òkè. Garawa kan àti ààbọ̀ ni mo rí. Ìwọ̀n kan sí iyẹ̀pẹ̀ mẹ́ta ni mo pò fún ewédú.

Lánàá, Àlùhájà gbé abọ́ wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ díẹ̀ sídìí ata àwọn. Mo bù ú fún wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi ọbẹ̀ san án.