Bí A Ṣe Ń Ṣètò Yàrá Jẹ́lé-ó-sinmi Tí Ọmọ Yóò Fi Lè Ṣeré, Kó sì Kẹ́kọ̀ọ́

Bí ẹ bá wọ yàrá jẹ́lé-ó-sinmi tí Àǹtí ti ń pariwo "Ẹ jókòó! Ẹ dákẹ́!" láti àárọ̀, ẹ má tíì bá àwọn ọmọ wí. Ẹ kọ́kọ́ wo yàrá náà. Lọ́pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti dé, bẹ́ǹṣì kún inú yàrá débi pé ọmọ kò lè kọjá láì fẹsẹ̀ gbá ẹlòmíì. Ohun ìṣeré wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ ọmọ kò tó. Kí ni ọmọ ọdún 3 máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe níbẹ̀, bí kò ṣe kó fa irun ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀? Irú yàrá bẹ́ẹ̀ ṣeé tún tò fún ọmọ ọdún 3 sí 5 láìná owó rẹpẹtẹ. Ẹni tó jẹ́ igun kan nínú pálọ̀ ló ní nílé náà lè ṣe é.

Ẹ kó ẹrù jáde, ẹ gbálẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kúnlẹ̀ láàárín yàrá kí ojú yín bá ti ọmọ dọ́gba, kí ẹ fi fóònù ya igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ ó rí ìṣó tó yọrí lábẹ́ tábìlì, ẹ ó rí ihò ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tó dojú kọ ọmọ gan-an. Ẹ ó tún rí i pé àwòrán A B D tí ẹ lẹ̀ mọ́ òkè fèrèsé, àlejò nìkan ló ń rí i. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kó bẹ́ǹṣì padà, ìdajì ni kí ẹ kó. Ẹní yóò rọ́pò ìyókù. Ẹ pín yàrá sí igun mẹ́rin tàbí márùn-ún: ibi igi ìkọ́lé, ibi tí wọ́n ti ń ṣe bí ẹni ń dáná, ibi ìwé àti àlọ́, tábìlì iṣẹ́ ọwọ́, àti ibi omi tàbí yanrìn. Ẹ jẹ́ kí igun ìwé jìnnà sí igun igi, nítorí igi á máa wó lulẹ̀, ariwo rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ẹni tó ń wo ìwé gbádùn. Ibi omi, ẹ̀bá ilẹ̀kùn lórí sìmẹ́ǹtì ni. Ẹ má sì fi ọ̀nà gbọọrọ sílẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ògiri kejì. Ọmọ tó bá rí ọ̀nà gbọọrọ, eré sísá ló kàn. Ẹ fi tábìlì kan dí i láàárín kó di ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ.

Pẹpẹ ló kàn. Ní 1907, nígbà tí Maria Montessori, dókítà ọmọ Ítálì tó ń wádìí bí ọmọdé ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, ṣí ilé ọmọdé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Róòmù, inú kọ́bọ́ọ̀dù onítìpa ni wọ́n ń kó ohun èlò sí. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ gbàgbé láti tì í, ó sì pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó fi máa dé, àwọn ọmọ ti mú ohun tó wù wọ́n, iṣẹ́ ti ń lọ. Montessori kò rí i bí olè jíjà. Ó yé e pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́, ó sì sọ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn di pẹpẹ kúkúrú tí kò ní ilẹ̀kùn. Ohun tí àwa náà ń fẹ́ nìyẹn. Ẹ ní kí káfíńtà kan pẹpẹ tí kò ga ju ṣẹ̀ǹtímítà 60 lọ, kó fi sáńpépà fá etí rẹ̀ kúnná, kó sì kàn án mọ́ ògiri gbọn-in, torí ọmọ máa gùn ún, ẹ má tan ara yín. Ẹni tí kò lówó káfíńtà lè dojú kéréètì mínírà dé, kó fi pákó lé e lórí. Èmi kì í lo ike tó ní ìdérí, nítorí ohun tí ọmọ kò bá rí, kò sí níbẹ̀ lójú tirẹ̀. Agbọ̀n pẹlẹbẹ tàbí tíréè ni mo máa ń lò. Ẹ gbé ohun kọ̀ọ̀kan sórí pẹpẹ, kí ẹ fi máákà fa ìlà yí ìdí rẹ̀ ká. Ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà yóò wo ìlà yẹn, yóò sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni agbọ̀n yìí ń gbé.

Ohun èlò kò gbọdọ̀ pọ̀. Oríṣi mẹ́ta fún igun kọ̀ọ̀kan tó láti fi bẹ̀rẹ̀, ẹ kó ìyókù pamọ́. Ìkòkò kékeré gidi, ìgbákọ, ajọ̀ àti àṣẹ́kù àńkárá dùn mọ́ ọmọ ju ike aláràbarà tí wọ́n ń tà lọ́jà lọ. Bí ẹ bá ń lo agolo mílíìkì, ẹ fi òòlù tẹ etí rẹ̀ wọlé kí ẹ tó fi téèpù dì í. Fún mímọ nǹkan, ẹ po ìyẹ̀fun búrẹ́dì ife 2 mọ́ iyọ̀ ife 1, ẹ da òróró ṣíbí 2 sí i, kí ẹ wá máa ta omi sí i díẹ̀díẹ̀, kò ní ju bí ife 1 lọ. Iyọ̀ yẹn kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ jẹ ẹ́. Amọ̀ odò náà dára tí ẹ bá ti ṣa òkúta inú rẹ̀.

Kí ohunkóhun tó dé orí pẹpẹ, ẹ mú páálí róbótó tó máa ń kù nínú tíṣù ilé ìyàgbẹ́. Ohun tó bá lè gba inú rẹ̀ kọjá lè há ọmọ lọ́fun. Ọmọ ayò kò yege ìdánwò yìí, ìlẹ̀kẹ̀ kò yege, ìdérí ìgò mínírà náà kò yege. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn àgbà ọmọ, tàbí kí ẹ máa lò wọ́n nígbà tí ẹ bá jókòó tì wọ́n nìkan. Bátìrì pẹlẹbẹ róbótó tó ń wà nínú ohun ìṣeré tó ń kọrin kò gbọdọ̀ wọ yàrá yẹn rárá. Ó lè jó ọmọ lọ́fun láàárín wákàtí méjì tó bá gbé e mì.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ ló kù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Wọ́n á tò ó tán, yàrá á dára, wọ́n á wá ṣí gbogbo rẹ̀ fún ọmọ lọ́jọ́ Ajé. Kó tó di ìgbà ìjẹun, igi wà nínú omi, ìwé ti ya, Àǹtí ti gbóhùn sókè. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n á tì í pa, ó di ọjọ́ tí àwọn alábẹ̀wò bá ń bọ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Igun kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣí lọ́jọ́ kìíní. Kó tó mọ́ wọn lára, ẹ má ṣí èkejì.

Ẹ fi han ọmọ, ẹ má kàn fẹnu sọ ọ́. Ẹ kó wọn jókòó yípo. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé agbọ̀n, jẹ́jẹ́, láìsọ̀rọ̀. Ẹ gbé e dé orí ẹní, ẹ lò ó díẹ̀, ẹ kó o padà, ẹ gbé e sórí ìlà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ kan ṣe é, kí òmíràn tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń ṣe é, ẹnu yín ni wọn yóò máa wò, wọn kò ní wo ọwọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa náà nílò àtúnṣe. "Má da omi yẹn o!" kò sọ ohun tí ọmọ lè ṣe fún un. Ẹ sọ pé, "Fi ọwọ́ méjèèjì di ife mú." Dípò "Má lu ọmọ ọlọ́mọ," ẹ sún mọ́ ọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ sọ pé, "Sọ fún un pé, 'Jọ̀ọ́, ó kàn mí.'" Ẹ sì jẹ́ kó sọ ọ́ níṣojú yín. Tí pankẹ́rẹ́ bá ṣì wà lára ògiri, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ọmọ tó ń ṣọ́ pankẹ́rẹ́ kì í ní ọkàn tó máa fi ronú.

Kíkó nǹkan padà ló le jù. Ọmọ tó ti fi igi kọ́lé dé ìdajì, tí ẹ wá sọ fún un lójijì pé "Ó tó, kó o!", ẹkún ló máa sun, ó sì jàre. Ọmọ ọdún 3 kò mọ ohun tí ìṣẹ́jú márùn-ún jẹ́, nítorí náà ẹ lọ bá a nídìí iṣẹ́ rẹ̀: "To igi méjì sí i, lẹ́yìn náà a ó kó o." Ẹ wá dá orin kan náà tí ẹ máa ń dá lójoojúmọ́, kó má ṣe yí padà. Ẹ má pàṣẹ fún gbogbo yàrá lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí "ẹ kó o" tí kò ní orúkọ nínú, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn. "Ìwọ, igi gígùn. Ìwọ, igi kúkúrú." Ẹ̀yin náà má sì bá wọn kó o nítorí pé ó yá jù. Ọjọ́ tí ẹ bá ti kó o fún wọn, iṣẹ́ yín ló dà.

Fún ìjà, ọ̀nà méjì ni mo ń tẹ̀ lé. Èkíní, mo máa ń ra oríṣi kan náà méjì, n kì í ra oríṣi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èkejì, ẹ ya ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀ ní ẹnu igun kọ̀ọ̀kan, bàtà mẹ́rin, kí ọmọ tó bá fẹ́ wọlé bọ́ sàlúbàtà rẹ̀ lé ọ̀kan. Tí àyè bá ti kún, igun ti kún. Àwọn fúnra wọn ni yóò máa sọ fún ara wọn, Àǹtí kò ní láti dá sí i.

Ẹ bá ọmọ sọ èdè tó gbọ́. Láti 1970, ní iṣẹ́ ìwádìí Yunifásítì Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣe aṣíwájú rẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ gbogbo fún ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, kí igun ìwé ní àlọ́ lójoojúmọ́, kí wọ́n sì gbe orin rẹ̀.

Ẹ má gbé tẹlifíṣọ̀n sí yàrá náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé kí ọmọ ọdún 3 sí 4 máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 180 lóòjọ́ ṣe ohun tó ń mú ara ṣiṣẹ́, kí jíjókòó nídìí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù má sì ju wákàtí kan lọ. Kí wọ́n máa jáde síta láàárọ̀, kí oòrùn tó mú.

Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ, ẹ wo agbọ̀n tí ẹnì kankan kò fọwọ́ kàn lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ kó o pamọ́, kí ẹ mú òmíràn jáde láti inú àwọn tí ẹ ti fi pamọ́, kí ẹ sì fi hàn wọ́n lọ́jọ́ Ajé, jẹ́jẹ́, láìsọ̀rọ̀, bíi ti àkọ́kọ́.