Bí A Ṣe Ń Ṣàbẹ̀wò sí Ibùdókọ̀ Ojú Irin Dawlish Létí Òkun

Dawlish jẹ́ ìlú kékeré kan ní Devon, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibùdókọ̀ rẹ̀ sì wà lórí ojú irin ńlá tó so Lọ́ńdọ̀nù pọ̀ mọ́ Penzance. Orí ògiri òkun gan-an ni ojú irin náà gbà kọjá, débi pé bí ìgbì bá ru, omi iyọ̀ a máa ta sí ẹni tó bá dúró ní pèpéle tó kọjú sí òkun. Ìdí nìyí tí mo fi ń gba àlejò nímọ̀ràn pé kó wo ojú ọjọ́ kó tó wo àkókò ọkọ̀.

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, ibùdókọ̀ Paddington ni kí ẹ ti wọkọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ayára kì í dúró ní Dawlish, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ẹ sọ̀ ní Exeter St Davids, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Newton Abbot tàbí Paignton. Láti Exeter sí Dawlish, nǹkan bíi máìlì 12 ni ọkọ̀ yóò rìn. Ọwọ́ òsì ni kí ẹ jókòó sí, nítorí ẹ̀gbẹ́ yẹn ni odò Exe wà, ibẹ̀ náà sì ni òkun yóò wà nígbà tó bá yá. Àmọ́ bí ọkọ̀ bá dé Starcross, ẹ yíjú sí ọwọ́ ọ̀tún: ilé olókùúta pupa tó ga níbẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀rọ tí Isambard Kingdom Brunel, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣe ojú irin yìí, kọ́.

Ilé yẹn ló ń sọ apá tó ṣàjèjì jù nínú ìtàn ojú irin yìí. Ní 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1846 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ Dawlish, ṣùgbọ́n èrò Brunel ni pé kí ọkọ̀ máa rìn láìsí ẹ́ńjìnnì níwájú rẹ̀. Wọ́n to páìpù ńlá sáàárín irin méjèèjì. Ẹ̀rọ inú àwọn ilé náà á fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù, afẹ́fẹ́ ìta á sì ti písítìnì, ìyẹn irin tó ń rìn nínú páìpù náà tó sì so mọ́ ìdí ọkọ̀, síwájú. Kí ìsopọ̀ náà lè ráyè kọjá, wọ́n dá ihò gbọọrọ sí òkè páìpù, wọ́n fi awọ bò ó, wọ́n sì fi ọ̀rá pa á kí afẹ́fẹ́ má bàa jò. Awọ náà kò pẹ́ bàjẹ́. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1847 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbé èrò, nígbà tó sì fi máa di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1848, wọ́n ti pa á tì. Àwọn kan a máa sọ pé eku ló jẹ awọ náà tán. Ìtàn náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń jò àti owó àtúnṣe nìkan ti tó pa iṣẹ́ náà. Dawlish pẹ̀lú ní ilé ẹ̀rọ tirẹ̀, kò sì ju ìdá ògiri díẹ̀ lọ tó ṣẹ́kù níbi ìgbọ́kọ̀sí lẹ́yìn ibùdókọ̀.

Ilé onípákó tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ jóná ní 1873. Èyí tí ẹ óò bá níbẹ̀ lónìí ti wà láti 1875.

Pèpéle tó wà lápá ìlú ni ọkọ̀ Exeter ń gbà, ibẹ̀ náà sì ni ẹnu ọ̀nà àti ibi ìtajà tíkẹ́ẹ̀tì wà. Pèpéle apá òkun ni ti Newton Abbot àti Plymouth. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó ní lífíìtì ló so méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá nílò ìrànwọ́ láti wọkọ̀ lè béèrè rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ Passenger Assist, ètò ìrànwọ́ fún èrò ọkọ̀ ojú irin, ó pẹ́ tán, wákàtí méjì ṣáájú ìrìn-àjò.

Bí ìjì bá ń bọ̀, ẹ má ṣe fi ìkìlọ̀ ṣeré. Ní alẹ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2014, òkun wó ògiri náà lulẹ̀, ó gbá ilẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ, irin sì ń rọ̀ dirodiro lófuurufú. Àwọn òṣìṣẹ́ to àpótí ńlá tí wọ́n fi ń kó ẹrù ojú omi, wọ́n kún un fún òkúta láti fi dènà ìgbì, síbẹ̀ ó di 4 oṣù Kẹrin kí ọkọ̀ tó tún kọjá. Wọ́n ti kọ́ ògiri tuntun tó ga ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì lè dín ọkọ̀ kù tàbí dá a dúró lọ́jọ́ ìjì. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Voyager ló máa ń kọ́kọ́ fara gbá a, nítorí pé apá kan ohun èlò bíréèkì wọn wà lórí òrùlé, omi iyọ̀ sì ń bà á jẹ́. Nítorí náà, ẹ yẹ ìròyìn ọkọ̀ wò lórí ìkànnì National Rail kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò kí ẹ tó padà.

Bí òkun bá rọlẹ̀, ẹ gba abẹ́ afárá ojú irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ bọ́ sí etíkun, tàbí kí ẹ fẹsẹ̀ rìn lórí ògiri náà lọ sí Dawlish Warren, níbi tí ẹ ti lè wọ ọkọ̀ padà sí Exeter láìtún yí padà sí Dawlish.