Pákó tútù ló dá wa dúró: bí a ṣe ṣe bẹ́ǹṣì àdúgbò wa

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ní 2022, ẹgbẹ́ onílé wa n'Íbàdàn ná ₦112,000 sórí bẹ́ǹṣì mẹ́rin níwájú ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò, kí àwọn ìyá ọlọ́mọ lè ríbi jókòó lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Èmi ni akọ̀wé, èmi ni mo fọwọ́ sí owó náà. Òjò ọdún kejì ò tíì dá tí ọ̀kan fi ṣẹ́ mọ́ ìyá arúgbó kan nídìí. Nígbà tí mo dorí bẹ́ǹṣì náà kodò, ikán ti jẹ inú ẹsẹ̀ tó wọlẹ̀ tán, ọ̀dà aláwọ̀ ewé nìkan ló ṣẹ́ kù bí èèpo. Arère! Arère, igi rírọ̀ lásán, ni wọ́n kùn lọ́dà tí wọ́n pè ní ìrókò fún wa.

Nígbà tí ìpàdé gbà pé ká ṣe òmíràn, mo ní èmi fúnra mi ni màá lọ sọ́jà pákó Bódìjà. Àwọn kan fẹ́ onírin. Mo kọ̀ jálẹ̀: tóòrùn ọ̀sán bá ti pa irin, aboyún wo ló máa jókòó lé e? Ibi tí jórinjórin bá sì jó ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. A fẹnu kò sí ẹsẹ̀ kọnkéré àti orí ìrókò. Mo yẹ pákó wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò gba èyí tó ní etí funfun, torí ikán ń jẹ ibẹ̀ bó ṣe ń jẹ arère. Àyà ìrókò, ìyẹn àárín igi náà, nìkan ni ikán kì í sábà jẹ.

Oníṣòwò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti gbẹ kanrinkanrin." Mo sanwó. Ọjọ́ tí káfíńtà gbé ìfági lé e, èérún igi ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, ó ṣì tutù. Tí mo bá kan èyí, á lọ́, á sì là." Mo padà sí Bódìjà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Oníṣòwò náà ò gba pákó, kò dá kọ́bọ̀ padà.

Bá a ṣe jókòó ti pákó nìyẹn, láti oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kejì. Mo tò ó sábẹ́ ibòòji lẹ́yìnkùlé mi, lórí búlọ́ọ̀kù, mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ìkọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn lè gbabẹ̀ kọjá, mo sì fi páànù bo orí rẹ̀. Ẹ má sá a sóòrùn o! Ẹ̀yìn á gbẹ kí inú tó gbẹ, á sì sán. Mo kun ọ̀dà sí ojú ibi tí wọ́n ti gé e, torí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ là.

Mo gé ẹyọ kan tó tó ẹsẹ̀ bàtà kan, mo kun ojú rẹ̀ méjèèjì, mo sì ń gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n ìyá ẹlẹ́ja yìnyín ní gbogbo Sátidé. Kílò 2.2 ló kọ́kọ́ wọ̀n. Ó ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Alága ń pè mí ní gbogbo Sọ́ńdè: "Akọ̀wé, pákó yẹn ńkọ́?" Ó sú mi, ó dùn mí, torí mo mọ̀ pé ilẹ̀ làwọn ọlọ́mọ ń jókòó sí. Ọyẹ́ ló gbà wá. Nígbà tó wọ̀n 1.5 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra, tí kò fúyẹ́ mọ́, mo mọ̀ pé ó ti gbẹ, mo ní kí káfíńtà máa bọ̀.

Ìyókù ò le. Bíríkìlà da ẹsẹ̀ lọ́jọ́ kan. Káfíńtà bo imú, torí eruku ìrókò máa ń yún èèyàn lọ́fun. Ó fi àlàfo bí ìka kan sáàárín pákó kí omi lè ṣàn lọ, ó sì fi bóòtù tí kì í dípẹtà dè é. Ìṣó lásán á dípẹtà, á ta dúdú sára igi.

Ó ná wa tó ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Òjò ńlá oṣù kẹfà tó kọjá, mo jí lọ wò ó: ó ti gbẹ kí aago mẹ́jọ tó lù, kò sí èyí tó mì. Orí mi wú.

Àdúgbò kejì ti ní kí n bá àwọn ra tiwọn. Mo ti sọ fún wọn pé káfíńtà ń bá wa lọ sọ́jà, ìfági rẹ̀ lọ́wọ́, kí kọ́bọ̀ tó kúrò lápò ẹnikẹ́ni.